Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò: bí ẹ ṣe lè gbádùn fíìmù kẹ̀kẹ́ orí òkè

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí fíìmù kẹ̀kẹ́ orí òkè, ohun kan náà ló máa ń ṣe. Á pariwo "yéè!" nígbà tí òyìnbó kan bá gbé kẹ̀kẹ́ fò látorí àpáta, á tún pariwo lẹ́ẹ̀kejì, tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin ó ti ń yẹ WhatsApp wò. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ìfò ló ń wò, ìfò kan sì jọ òmíràn, tẹ́ ẹ bá ti rí márùn-ún, ẹ ti rí gbogbo ẹ̀ tán nìyẹn. Àbúrò mi kan jókòó tì mí níbi tí mo ti ń wò ó, ó wò ó fúngbà díẹ̀, ó ní "Bọ̀dá mi, ṣé àwọn èèyàn yìí ò níṣẹ́ ṣe ni?" Mo ní dákẹ́ jàre, má wo ọkùnrin yẹn mọ́, ilẹ̀ tó wà níwájú táyà ẹ̀ ni kó o máa wò. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó yá, òun gan-an ló ń pariwo "há, gbòǹgbò yẹn, gbòǹgbò yẹn!" kí kẹ̀kẹ́ ọ̀hún tó débẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, orí ìyẹn ló dúró lé. Ilẹ̀ ló ni eré yẹn. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kàn ń dá ilẹ̀ lóhùn ni, àpáta á bi í léèrè, á dáhùn, ẹrẹ̀ á bi í, á tún dáhùn, tẹ́ ẹ ò bá wá gbọ́ ìbéèrè, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ìdáhùn náà dáa? Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ kẹ̀kẹ́ gùn o. Mo mọ àwọn tí ò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé wọn tó jẹ́ pé wọ́n lè wo nǹkan yìí tí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó kúrú

Ẹ má tíì fọwọ́ kan èyí tó gùn. Ẹ lọ sórí YouTube, ẹ wá The Ridge, ti oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń jẹ́ Danny MacAskill, 2014 ló jáde, ọ̀fẹ́ ni, kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Erékùṣù Skye ní Scotland ni wọ́n ti yà á, erékùṣù yẹn náà ni wọ́n bí Danny sí, Stu Thomson ló darí ẹ̀. Òkè tó ń gùn yẹn ń jẹ́ Cuillin, téńté orí ẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ ọ̀tún jìn, ọwọ́ òsì jìn, ibi tó jẹ́ pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ lásán gun òkè gan-an máa ń so okùn mọ́ra kí wọ́n tó kọjá wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ṣóńṣó ẹ̀ ń jẹ́ Inaccessible Pinnacle, ó ga tó mítà 986, ibẹ̀ ò ṣeé gun kẹ̀kẹ́ lọ rárá, èjìká ni Danny gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ tó fi pọ́n ọn.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó lásán, ẹ jẹ́ kí orin ẹ̀ wọ̀ yín lára, ẹ wo bí omi ṣe ń tàn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ pariwo tẹ́ ẹ bá fẹ́ pariwo. Tó bá parí, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ gbójú kúrò lára Danny, ẹ tẹjú mọ́ ibi tó jìn díẹ̀ sí táyà iwájú, torí ibẹ̀ lòun náà ń wò, ẹni tó bá ń wo táyà ara ẹ̀ lórí òkè bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ló máa bá ara ẹ̀. Àpáta tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní gabbro, ara ẹ̀ rí sákasàka, ó máa ń di rọ́bà mú dáadáa, kódà tí òjò bá rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òmíràn tún wà láàárín ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní basalt, ìyẹn ò ní sákasàka kankan lára, tó bá ti tutù ó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé àpáta méjèèjì jọ wà lójú ọ̀nà kan náà, tó jẹ́ pé ọ̀kan máa dì yín mú, èkejì máa tì yín ṣubú, ẹ máa rí i pé ẹ ò ní lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ara Danny lẹ máa wò wàyí, kì í ṣe ìfò o, orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Kẹ̀kẹ́ ń jó lábẹ́ ẹ̀, ó ń ta, ó ń yí, ṣùgbọ́n orí wà lójú kan, ojú ẹ̀ ti lọ síwájú, ó ti kúrò níbi tí táyà wà. Kò jókòó, orí pẹ́dà ló dúró sí, orúnkún tẹ̀ díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ náà tẹ̀, àwọn gan-an ni ṣọ́kì tó ń ṣiṣẹ́ jù, èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe mọ́ kẹ̀kẹ́ kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ náà, ìka kan péré ló wà lórí bíréèkì, gbogbo ìka tó kù ti di hándù mú. Níparí ibẹ̀ ló ti tàkìtì síwájú kọjá lórí ọgbà wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí, àmọ́ lójú tèmi o, ibi tó ti ń rìn jẹ́jẹ́ lórí góńgó àpáta yẹn tí kò fò rárá, ibẹ̀ ni fíìmù náà wà.

Kámẹ́rà máa ń parọ́, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú un

Ohun tó máa ń tan èèyàn jẹ jù ni pé kámẹ́rà máa ń jẹ́ kí òkè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dúró sí lójúkojú ẹsẹ̀ yín á máa gbọ̀n, lórí fóònù ẹ máa ní ẹ̀yin náà lè fi sílípáàsì rìn ín. Èyí tó burú jù ni kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ akoto, torí ojú ẹ̀ fẹ̀, ó ń kó ohun tó pọ̀ pọ̀ sójú kan, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á wá dà bí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nítorí náà ẹ má gba ohun tí kámẹ́rà sọ, ẹ wá ẹlẹ́rìí míì.

Tí igi bá wà, ẹ wo igi. Igi kì í bá òkè tẹ̀, ó máa ń dúró ṣánṣán ni, torí náà ẹ wo ibi tí ìdí igi àti ilẹ̀ ti pàdé, bí ilẹ̀ ṣe ń sún mọ́ igi sí i lápá kan bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ṣe ga tó. Tí kò bá sígi, ẹ wo ìdí ẹni tó ń gùn ún, tí ìdí ẹ̀ bá ti sún sẹ́yìn títí tó fi fẹ́ máa kan táyà ẹ̀yìn, ibẹ̀ ò kéré o, ó sún bẹ́ẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ má bàa ta á sọ síwájú ni. Tí ìyẹn náà ò bá hàn, ẹ jẹ́ kó kọjá tán, kẹ́ ẹ wá wo òkúta wẹ́wẹ́ tó tú sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀: ṣé wọ́n dúró, àbí wọ́n ṣì ń yí lọ? Tí wọ́n bá ń yí lọ tí wọn ò dúró, ẹ ti rí ìdáhùn yín nìyẹn. Nígbà míì ẹ máa rí ẹni tó ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń fi ọwọ́ kan di koríko mú kí òun má bàa yọ̀ lọ. Ẹ̀rín máa ń pa mí, torí onítọ̀hún ló ń sọ òótọ́ ibẹ̀ fún wa láìmọ̀.

Ẹ wá fi gbogbo èyí wo fídíò Kelly McGarry, ọmọ New Zealand, láti Red Bull Rampage 2013, ìdíje tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè àpáta. Orí akoto ẹ̀ ni kámẹ́rà wà. Àfonífojì kan la ilẹ̀ sí méjì níwájú ẹ̀, fífẹ̀ ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 72, ó sì tàkìtì sẹ́yìn kọjá lórí ẹ̀. Ìgbà tó bá ń tàkìtì yẹn, ilẹ̀ á pòórá, ojú ọ̀run nìkan lẹ máa rí, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á tún yọ látòkè orí yín. Ipò kejì ló gbà lọ́jọ́ náà, Kyle Strait ló gba ìkíní, ṣùgbọ́n fídíò McGarry ni gbogbo ayé ń pín kiri. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ohun tó ń kó jìnnìjìnnì báni jù níbẹ̀ ni ọ̀nà tó gbà kó tó dé ibi àfonífojì, torí ó tín-ín-rín, eruku ni gbogbo ẹ̀, kò sì sáyè láti ní òun ò ṣe mọ́.

Rampage yìí, ẹ̀bá ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Virgin ní ìpínlẹ̀ Utah ni wọ́n ti ń ṣe é, 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Wade Simmons ló sì kọ́kọ́ gbé e. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ tó wo ọjọ́ ìdíje gan-an, ẹ wá fídíò ọjọ́ tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa yan ojú ọ̀nà tiẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀, òun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ á wá fi ṣọ́bìrì àti dígà gbẹ́ ẹ, kò sí katakata, ọwọ́ lásán ni. Wọ́n á máa ru omi àti àpò yanrìn gòkè nínú oòrùn, torí ilẹ̀ pupa ibẹ̀ gbẹ, ó ń tú, tí wọn ò bá da omi sí i kí wọ́n gún un kó le, ibi tí wọ́n fẹ́ fò lé máa wó mọ́ wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti rí i bí wọ́n ṣe fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ máa gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kò ní wo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta yẹn bíi tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ńkọ́? 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní ìdíje tiwọn níbẹ̀, Robin Goomes tóun náà jẹ́ ọmọ New Zealand ló gbé e. Ó pẹ́ jù, ká má parọ́.

Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló bí fíìmù tiẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ti wo bíi mélòó kan, ẹ máa ṣàkíyèsí pé fíìmù ibì kan ò jọ ti ibòmíì, orí ilẹ̀ náà ló tún dé. Ẹ wá Klunkerz, ti Billy Savage, 2006, ìyẹn sọ bí eré yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Marin County ní California. Ní 1976 àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ dú ipò kìíní látorí òkè kan lẹ́bàá ìlú Fairfax, wọ́n pe ìdíje náà ní Repack. Ọ̀nà ẹ̀ ò tó máìlì méjì, ṣùgbọ́n látòkè dé ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1,300. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni wọ́n ń gùn, irú èyí tó wúwo, tí táyà ẹ̀ tóbi, tó jẹ́ pé bíréèkì ẹ̀ wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ẹ máa yí pẹ́dà sẹ́yìn kó tó mú. Tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, họ́ọ̀bù á gbóná débi pé gíríìsì inú ẹ̀ á jóná, á máa rú èéfín, wọ́n á ní láti tú u palẹ̀ kí wọ́n fi gíríìsì tuntun kún un kí wọ́n tó lè tún gùn ún. Gary Fisher ló yára jù níbẹ̀, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 22, Joe Breeze fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì yìí náà ló padà di ẹni tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ orí òkè tà. Ẹ wo àwòrán àtijọ́ inú fíìmù yẹn, ẹ wo ṣòkòtò jíǹsì tí wọ́n wọ̀, ẹ wo orí tí kò ní akoto. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wọn.

Ẹ wá sọdá sí Kánádà. Ní North Shore, lápá òkè ìlú Vancouver, òjò kì í dá, igbó ibẹ̀ tutù, gbòǹgbò ló kún ilẹ̀, ibi tí kò sí gbòǹgbò ẹrẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ á rì. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n la igi kedari tó ti wó, wọ́n fi kan afárá tín-ín-rín gba inú igbó kọjá, òmíràn ga ju orí èèyàn lọ, òmíràn ò fẹ̀ ju táyà lọ. Todd Fiander, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Digger, ń kan afárá, ó sì tún ń ya fídíò, ní ayé kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Torí náà fíìmù North Shore kì í yára, ẹ má bínú sí i. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń lọ lórí pákó, kí ẹnì kan má ṣubú ni gbogbo ìjàngbọ̀n ibẹ̀, táyà ló yẹ kẹ́ ẹ máa wò, ibi tó fi kan etí pákó.

Kamloops náà wà ní Kánádà yẹn, nínú ìpínlẹ̀ kan náà, àmọ́ ilẹ̀ tiẹ̀ gbẹ táútáú, òkè ẹ̀ kún fún yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀. Ibẹ̀ ni Wade Simmons, Richie Schley àti Brett Tippie ti ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn ló wà nínú fíìmù Kranked, tó jáde ní 1998. Tippie ti fi pátákó ṣeré lórí yìnyín tẹ́lẹ̀, ẹ sì máa rí i nínú bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, wọn ò bá ilẹ̀ jà, ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí táyà yọ̀ lọ́tùn-ún, kó yọ̀ lósì, eruku á máa tú lẹ́yìn wọn. Tẹ́ ẹ bá wo ti North Shore tẹ́ ẹ wá wo èyí tẹ̀ lé e lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ ò ní nílò ẹni tó máa ṣàlàyé fún yín mọ́.

Where the Trail Ends, 2012, ni tèmi nínú gbogbo wọn. Wọ́n lọ sí aṣálẹ̀ Gobi, wọ́n lọ sí Mustang ní Nepal, wọ́n lọ sí Salta ní Ajẹntínà, ibi tí ẹnikẹ́ni ò lànà sí. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ bí ilẹ̀ yẹn á ṣe ṣe. Wọ́n á dúró lókè, wọ́n á wò ó títí. Tẹ́ni àkọ́kọ́ bá sọ̀ kalẹ̀, nígbà míì ilẹ̀ á gbà á, nígbà míì á ya lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n gé e

Èyí ni wọ́n fi ń dá fíìmù tó dáa mọ̀ yàtọ̀ sí ìpolówó ọjà. Ẹ ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta nínú yín. Tí wọ́n bá ti gé e kẹ́ ẹ tó ka méjì, tí wọ́n tún gé e, tí wọ́n tún gé e, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n ń fi pa mọ́. Ó lè jẹ́ pé apá tó dáa nínú ẹ̀ ò pọ̀. Ẹni tí ilẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ẹ̀ bá dá lójú, á gbé kámẹ́rà tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, á jẹ́ ká wò ó.

Àwọn tó ṣe fíìmù The Collective ní 2004 wà lára àwọn tó jẹ́ kéyìí ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n tó dé, ọ̀pọ̀ fídíò kẹ̀kẹ́ ò ju ìfò, ìṣubú àti orin aláriwo lọ. Àwọn wá lo rọ́ọ̀lù fíìmù 16mm bíi ti sinimá, wọ́n na wáyà láàárín igi kí kámẹ́rà lè máa sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́, ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó wá di 2015, nínú fíìmù unReal, wọ́n ya apá ti oníkẹ̀kẹ́ kan, Brandon Semenuk, láìgé e rárá, látòkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n la ojú ọ̀nà kan fún Semenuk, wọ́n tún la òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún ọkọ̀ tí kámẹ́rà wà lórí ẹ̀, kí méjèèjì lè jọ máa sáré. Ẹ rò ó wò: tí awakọ̀ bá ṣe àṣìṣe díẹ̀, tàbí kí ẹni tó ń darí kámẹ́rà sín, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, òkè ni wọ́n á tún padà sí. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan fún Semenuk, kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan fún ọkọ̀ tẹ́ ò rí.

Danny MacAskill tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, fídíò tó sọ ọ́ di olókìkí ni èyí tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ Dave Sowerby yà fún un ní Edinburgh, tó jáde ní 2009. Mekáníìkì kẹ̀kẹ́ ni nígbà yẹn. Kì í ṣe orí òkè, ìgboro ni, ó gun kẹ̀kẹ́ lórí ọgbà irin tí ṣóńṣó wà lórí ẹ̀. Owó kékeré, kámẹ́rà kan, ìlú tí gbogbo èèyàn ń rìn kọjá lójoojúmọ́. Ìyẹn náà ṣì ń lọ sórí ohun tí mo ń sọ.

Nípa ti ìró: ẹ fi íápíìsì sétí. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìró táyà tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ nínú fíìmù ńlá, lọ́tọ̀ ni wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán lẹ́yìn náà, torí tí kámẹ́rà bá wà lọ́ọ̀ọ́kán tàbí lórí dróònù kò lè gbọ́ nǹkan kan ju ariwo dróònù fúnra ẹ̀ lọ. Kò bà mí nínú jẹ́. Ìró òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà, ìró ewé gbígbẹ, wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i.

Ẹrẹ̀ Champéry

Kì í ṣe fíìmù ni èyí, ìdíje ni, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ nǹkan yìí kí n má dárúkọ ẹ̀. Ìdíje àgbáyé 2011 ti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, ní Champéry, Switzerland. Òjò ti rọ̀, ojú ọ̀nà náà ga bíi kí ni, gbogbo ẹ̀ ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, àwọn àgbà nínú eré náà ń fi bíréèkì wọ́ ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bá mi wá ti ẹlòmíì lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó, ẹnikẹ́ni ni, ẹ wo bó ṣe ń yọ̀, bó ṣe ń fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ wá wo Danny Hart. Ọmọ ọdún 19 ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò fi bíréèkì bẹ ilẹ̀. Níbi tí ẹlòmíì ti ń wá ibi gbígbẹ, àárín ẹrẹ̀ ló ń gbà, kẹ̀kẹ́ á yọ̀, á jẹ́ kó yọ̀ tó bó ṣe fẹ́, á tún gbà á padà, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó parí tó dé ibi ìfò tó gbẹ̀yìn, ó tún dá kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ lójú ọ̀run fi ṣe fáàrí. Eré tí wọ́n sábà máa ń fi ìdá ìṣẹ́jú-àáyá kan borí, ó fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 11 borí ẹ̀.

Ẹ má sì pa ohùn ẹ̀ o. Rob Warner tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti bá wọn díje rí, ó mọ ohun tí ilẹ̀ yẹn lè ṣe, ẹ̀rù ń bà á, inú ẹ̀ ń dùn, ó ń pariwo ohun tí wọn kì í sọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ìgbà tá a bá ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò ni, tí oníròyìn ti gbàgbé pé iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún òun.

Ohun tó máa bí yín nínú

Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fẹ́ràn nǹkan yìí tó tí àwọn kan ò ní sú yín. Slow motion ni olórí wọn. Wọ́n á fà á gùn títí, eruku á máa fò díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní mọ bí ẹni yẹn ṣe ń sáré tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ìsáré yẹn gan-an la wá wò. Òmíràn ni ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ẹnì kan á máa fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ níbẹ̀rẹ̀, òmìnira, àdánidá, ẹ̀mí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sún un síwájú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sílẹ̀ onílẹ̀ láti lọ ya fíìmù. Wọ́n á dé abúlé kan, àwọn ọmọdé á máa sá tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́, ìyá àgbàlagbà kan á rẹ́rìn-ín, ó parí, a ò mọ orúkọ ẹnì kankan. Ta ló la ọ̀nà tí wọ́n ń gùn yẹn? Ta ló ń rìn ín lọ sóko? Ilẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ń wò, wọn ò bi onílẹ̀ léèrè. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó béèrè, ẹ fi pa mọ́, ó ṣọ̀wọ́n.

Fóònù, dátà àti àwọn ọmọ

Ẹ má wò ó lórí 240p, òkúta ò ní hàn, gbòǹgbò ò ní hàn, ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ wá ò sí níbẹ̀ mọ́. 1080p ti tó, 4K kàn máa jẹ dátà yín tán lásán ni lórí fóònù. Ibi tí Wi-Fi bá wà ni kẹ́ ẹ ti dá a sí fóònù, ẹ wá wò ó nílé, tẹ́ ẹ bá lè so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ìyẹn ló dáa jù. Ẹ gbé iná ojú fóònù sókè, torí igbó dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Tí ọmọ bá wà nílé, ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ kejì á fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ fò gọ́tà. Ẹ ra akoto, ẹ yẹ bíréèkì wò, ẹ sọ fún un pé wọ́n ń gbẹ́ ibi tí wọ́n máa fò lé, wọ́n ń gún un kó le, wọ́n ń dán an wò díẹ̀díẹ̀. Fídíò ìgbẹ́lẹ̀ Rampage tí mo sọ yẹn ni kẹ́ ẹ fi hàn án.

Fún ẹni tí ìfò ò wù rárá

Ó ku fíìmù kan tí mo máa ń fún àwọn màmá wa àtẹni tó bá ti ní eré yìí ò kan òun. Blood Road ni, 2017. Rebecca Rusch, ará Amẹ́ríkà, ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ òfuurufú bàbá ẹ̀ nígbà ogun Vietnam, orí ilẹ̀ Laos ni ọkọ̀ náà já sí ní 1972. Nígbà tó dàgbà, tó ti di ẹni tí wọ́n mọ̀ fún gígun kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn, ó gba ọ̀nà Ho Chi Minh, ọ̀nà inú igbó tí àwọn ọmọ ogun Àríwá Vietnam ń gbà kó ohun ìjà nígbà ogun yẹn, lọ wá ibi tí bàbá ẹ̀ kú sí, nǹkan bíi máìlì 1,200, òun àti Huyen Nguyen, ọmọ Vietnam tóun náà jẹ́ eléré kẹ̀kẹ́. Bàbá ọ̀kan ja ogun yẹn, ìlú èkejì ni wọ́n ti jà á, àwọn méjèèjì wá jọ ń gbé kẹ̀kẹ́ la odò kọjá.

Kò sí tàkìtì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa wo ilẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe bọ̀, torí ẹ máa rí kòtò róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, koríko ti hù sí òmíràn, omi ti dá sí òmíràn, bọ́ǹbù ló gbẹ́ wọn. Àwọn tí kò bú gbàmù nígbà yẹn ṣì wà nínú ilẹ̀ ní Laos di òní, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ṣàdédé yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó gùn tó bíi wákàtí kan àtààbọ̀, ẹ jẹun tán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa fóònù kejì.